Ààlè Etí Kòtò

Òjò àkọ́rọ̀ ló tan Àyúbà jẹ. Ó rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì oṣù Mááṣì, ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, ilẹ̀ Ìkòsí mumi yó. Àwọn àgbà ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé òjò yìí kò tí ì fìdí múlẹ̀. Àyúbà kò ṣe sùúrù. Ó já gbogbo irúgbìn àgbàdo tó so kọ́ sókè ààrò, ó sì gbìn ín tán pátá, láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí ọ̀nà Ìkòròdú. Àgbàdo hù. Ó yọ ewé mẹ́rin-mẹ́rin, kò ga ju ojúgun lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀kán omi kan kò já bọ́ láti ojú ọ̀run mọ́. Ọjọ́ kejìdínlógójì rèé.

Ilẹ̀ la ẹnu. Ewé àgbàdo ká ara rẹ̀ bí ìwé tí wọ́n fi wé tábà, ó pọ́n, ó funfun, tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, a máa rún. Gbàgúdà tí wọ́n fà tu kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé ti wá láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, ó bi wọ́n léèrè iye àpò àgbàdo tí wọ́n kó lọ́dún tó kọjá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Kò bèèrè ohun tí wọn yóò jẹ lọ́dún yìí.

Ìyà yìí ì bá mọ níwọ̀n lójú Àyúbà bó bá jẹ́ pé ó kárí. Kò kárí. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ bàbá wọn, Àyúbà ni àgbà, òun ló kọ́kọ́ mú. Ó mú ilẹ̀ òkè nítorí pé ó fẹ̀, ó sì kan títì. Àkùrọ̀ etí Odò Ògùn, tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ló kù fún Àmúsà, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyàwó kejì. Lọ́jọ́ náà, Àyúbà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àmúsà, o ti di ẹja nìyẹn." Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Àmúsà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá ń dun Àyúbà jù nínú ọ̀dá yìí nìyẹn, pé Àmúsà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nítorí pé àkùrọ̀ náà tutù. Tí Àyúbà bá ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láàárọ̀, ohun tí ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá ni ilẹ̀ pupa àti eruku tirẹ̀, lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ewé. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá, ata, ebè lórí ebè, wọ́n tutù débi pé ó dà bíi pé wọ́n ń ṣépè fún un. Omi odò fúnra rẹ̀ kò wúlò, ọ̀sà ti gun òkè bọ̀ wá, omi ti níyọ̀, ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá bù ú wọ́n á kú. Ṣùgbọ́n Àmúsà ti gbẹ́ kòtò kan sáàárín àkùrọ̀, kòtò tó jìn débi tí èèyàn á fi sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, omi tó ń sun níbẹ̀ kò sì níyọ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Sìlífátù, ìyàwó Àmúsà, máa ń pọn ín. Omi kànga ìlú kò tó ju mímu lọ. Kòtò yẹn nìkan ló kù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kí Ládánì tó pe ìrun Àsùbáà tán, Àyúbà ti dé etí kòtò. Kò wá pọn omi. Ó mú ọ̀pá kan dání, ó ti fi màrìwò ọ̀pẹ so ṣúkù àgbàdo kan àti ìkarahun ìgbín kan mọ́ ọn lórí, ó sì fi àkísà pupa wé e. Ó gbá ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ gan-an ní ibi tí wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí láti gba omi. Kò pe ọfọ̀ kankan. Kò mọ ọfọ̀ kankan. Ó kàn fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ le ni, ó sì yí padà.

Ààlè ni. Gbogbo ará Ìkòsí, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló mọ̀ pé ẹni tó pa ààlè nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Bí ẹlòmíràn bá fà á tu, ohunkóhun tó bá bá a, kó má bi ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kan péré ni Àyúbà ń fẹ́. Ewédú kò lè fara da irú oòrùn yìí fún odindi ọjọ́ kan láìmu omi. Kí ó gbẹ. Kí ó gbẹ bíi tòun, kí òun àti Àmúsà jọ jí láàárọ̀ ọ̀la, kí ojú àwọn méjèèjì jọ rí nǹkan kan náà. Lẹ́yìn náà, òun á wá yọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bó ṣe ń gun òkè bọ̀ wá sílé, ara rẹ̀ yá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti yá gbẹ̀yìn.

Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti gbálẹ̀ tán. Ó gbé ẹ̀kọ mẹ́ta àti ọbẹ̀ ewédú síwájú rẹ̀. Àyúbà wo inú àwo náà.

"Níbo lo ti ń rí ewédú nínú ọ̀dá yìí?"

"Kétu ni. Ẹ jẹun, ẹ̀kọ ń tutù."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti búra lójúde, lójú gbogbo ilé, pé ohun tó bá ti inú àkùrọ̀ Àmúsà jáde kò ní kan ètè òun láéláé. Ó jẹ ẹ̀kọ náà, ó lá ọwọ́, ó sì ń retí igbe.

Kò pẹ́ tí igbe náà fi dé.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí!" Sìlífátù ló ń sáré bọ̀ láti odò, agbè òfìfo lọ́wọ́, gèlè lọ́rùn.

Ìyá Bíntà, tó ń yan gààrí lójúde ilé kejì, ju igbá lulẹ̀. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá Bíntà. Wọ́n ti pa ààlè sí kòtò omi wa!"

"Ta ni wọ́n?"

"Bí mo bá mọ̀ wọ́n, ṣé màá máa pariwo? Ilé wọn ni ǹ bá gbà lọ!"

Ìyá Bíntà mú igbá rẹ̀ nílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro gààrí. "Kò yà mí lẹ́nu. Ewédú tí ìdì mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan lọ́dún tó lọ, ẹ sọ ìdì kan di tọ́rọ́. Ẹni tó rà á lánàá ló bínú."

Àwọn tó ti ń péjọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín," ni Sìlífátù wí, omijé ti gba ojú rẹ̀. "Tó bá gbẹ tán, ẹ ó máa da gààrí yín sẹ́nu ní gbígbẹ. Ebè mélòó? Ogún ebè àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣé ẹ rí oòrùn tó ń yọ yìí? Ọ̀sán ni wọ́n á ti tẹrí ba."

"Fà á tu kó o pọn omi," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn.

"Ìyá ẹ ni kó wá fà á tu!"

Àmúsà dé, ó ti ti odò náà bọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Kò gégùn-ún. Àyúbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú rẹ̀ kíníkíní, ó ń wá ibi tí yóò ti ya. Kò ya. Ńṣe ni Àmúsà kọjá láàárín àwọn èèyàn, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ni àgbà wa. Báwo ni ká ti ṣe é sí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Àyúbà níbi tí kò rò. Irú àwọn ìbéèrè báyìí ni Àmúsà mọ̀ ọ́n bi èèyàn. Gbogbo ayé á sì ní ọmọlúàbí ni.

"Ẹ ní sùúrù," ni Àyúbà wí. "Òjò lè rọ̀."

Àmúsà gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí àwọsánmà kan tó tó aṣọ ìnujú. "Òjò," ló sọ.

Àrìnkẹ́ ti dúró sí ẹ̀bá ilé ìdáná láti ìgbà tí igbe náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò bá wọn dá sí i. Àyúbà rí i pé ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó sì rò ó pé àánú Sìlífátù ló ń ṣe é. Ìyẹn náà bí i nínú. Èwo ló kàn án níbẹ̀?

Nígbà tí oòrùn fi ta sí àtàrí, Bàbá Sùnmọ́nù ránṣẹ́ pe gbogbo ilé. Òun ni àbúrò bàbá wọn tó kù láyé, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹbí. Ọkùnrin jókòó sí ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, obìnrin jókòó sí òsì. Ooru mú wọn, gbogbo wọn ń fi aṣọ fẹ́ ara.

"Mo ti ní kí wọ́n fà mí lọ síbẹ̀," ni Bàbá Sùnmọ́nù wí. "Mo wò ó. Ọwọ́ tó dì í kò mọ̀ ọ́n dì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìkarahun tó kọjú sókè! Ta ló rí irú rẹ̀ rí? Nígbà tiwa, ilẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa ń kọ. Màrìwò náà kò dúró, ó ń jábọ́."

Ara Àyúbà gbóná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òkùnkùn ni òun ti dì í, pé ta ló máa ríran láti yí ìkarahun padà ní ìdájí. Ó gé ètè jẹ.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Bàbá Sùnmọ́nù tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹni tó ṣe é kò ti Kétu wá, kò ti Ṣángísà wá. Agbo ilé yìí ló wà. Mi ò bèèrè orúkọ. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí Ládánì bá ti pe ìrun Alásárì, gbogbo ọkùnrin á wà ní mọ́sáláṣí, gbogbo obìnrin á wọ inú yàrá, ojú kan kò ní sí ní odò. Ẹni tó pa á, kó lọ yọ ọ́. Tí a bá kírun tán tí a kò bá a níbẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún dá a sọ, èmi àti onítọ̀hún ni."

"Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá!" ni wọ́n ń wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́."

Àyúbà nìkan ló rí ihò tó wà lára ọgbọ́n náà. Mọ́sáláṣí Ìkòsí kò gba ju ìlà mẹ́ta lọ. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tó ti dàgbà, àyè òun sì wà ní ìlà kìíní, lápá ọ̀tún, Àmúsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí odò lásìkò ìrun, àyè rẹ̀ ni yóò dá a lórúkọ fún gbogbo wọn. Arúgbó yìí rò pé òun fi aṣọ bo ìtìjú, kò mọ̀ pé àtùpà lòun gbé lé e lórí. Tàbí ó mọ̀? Àyúbà wo ojú arúgbó náà, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Nígbà tó délé, Àrìnkẹ́ jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná. Kò dáná. Ìkòkò dorí kodò.

"Kò sí oúnjẹ ni?"

"Kò sí."

"Kí ló dé?"

"Ebè méje," ni Àrìnkẹ́ wí.

"Ebè méje wo?"

"Ebè méje ló jẹ́ tèmi nínú àkùrọ̀ yẹn. Mẹ́rin jẹ́ ewédú, méjì jẹ́ ilá, ọ̀kan jẹ́ ata. Sìlífátù ló gé e fún mi nígbà tí àgbàdo yín bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwa méjèèjì la jọ ń pọn ín. Ohun tí ẹ ń jẹ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ohun tí mo sì fi ń ra ẹ̀kọ nìyẹn."

Àyúbà dúró, ẹsẹ̀ kan nínú ilé ìdáná, ẹsẹ̀ kan lóde.

"O ní Kétu ni."

"Kí ni ǹ bá sọ? Ẹ ti búra lójú gbogbo ayé. Mo wojú yín, mo wo ìkòkò, mo ní Kétu."

"O fi mí ṣe ẹlẹ́yà!" Ó bú jáde. "Èmi, Àyúbà! Àmúsà ń bọ́ mi! Wọ́n ń bọ́ mi bí adìyẹ nínú ilé bàbá mi, mo sì ń lá ọwọ́!"

"Èmi ni mò ń bọ́ yín. Orí mi ni mo fi ń ru omi, kì í ṣe orí Àmúsà."

"Ó mọ̀?"

"Ta?"

"Àmúsà! Ó mọ̀ pé o ní ebè níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ rẹ̀ ni, báwo ni kò ṣe ní mọ̀?"

"Kò sì sọ fún mi."

"Òun ló ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ní ó lè dùn yín."

Àyúbà fẹ̀yìn ti ògiri. Bí Àmúsà bá ń yan fanda, tó ń gbéra ga, tó ń fi ewédú rẹ̀ yangàn lójúde, òun ì bá mọ ibi tí òun máa ti gbá a mú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún èèyàn láti gbá a mú. Ó fún un lóúnjẹ, ó tún bò ó láṣìírí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní gbangba, ta ló máa dára nínú àwọn méjèèjì?

"Mo lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan," ni Àrìnkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Mo dúró sókè, mi ò débi ààlè. Ewédú ti rọ délẹ̀. Ilá ṣì ń gbìyànjú. Tí wọn ò bá rí omi kí oòrùn tó wọ̀, kò sí nǹkan kan mọ́, Bàbá Ràbíà. Kò sí àgbàdo, kò sí gbàgúdà, kò sí ẹ̀fọ́. Kí la ó jẹ títí òjò á fi dé?"

Àyúbà ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló pa ààlè yìí?"

"Ṣé èmi ni wọ́n fi ṣọ́ odò ni?"

Àrìnkẹ́ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣíjú kúrò lára rẹ̀, ó mú agbè omi nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì tún gbé e kalẹ̀.

Ládánì pe ìrun. Àyúbà jáde. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì lẹ́yìn ilé Ìyá Bíntà, ó dúró. Òsì ni odò, ọ̀tún ni mọ́sáláṣí. Kò sí ẹnikẹ́ni lójúde, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì gẹ́gẹ́ bí Bàbá Sùnmọ́nù ṣe wí. Kò ju kó rìn díẹ̀ lọ, kó fà á tu, kó jù ú sínú odò. Ó yí ara sí òsì. Ó wá rí àyè rẹ̀ ní ìlà kìíní lójú inú, ó rí bí ó ti ṣófo, ó rí bí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe ń fi ìgbúnwọ́ gbún ara wọn, ó rí Àmúsà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè òfìfo náà pẹ̀lú ojú jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ilá kì í tètè kú. Tí wọ́n bá kírun Mọ̀gáríbì tán tí ilẹ̀ ti ń ṣú, òun á lọ. Ó yà sí ọ̀tún.

Lèmọ́mù ti gbà wọ́n láyè láti fi erùpẹ̀ ṣe àlùwàlá nítorí ọ̀dá. Àyúbà fi ọwọ́ lu ilẹ̀, ó fi pa ojú, ó wọlé, ó dúró sí àyè rẹ̀. Àmúsà sún fún un díẹ̀. Bàbá Sùnmọ́nù, tó ti jókòó síwájú, yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa tọ ìlà kan dé òmíràn. Gbogbo àyè ló kún. Èjìká arúgbó náà wálẹ̀. Ó kọjú síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni wọ́n gbọ́ ariwo lóde.

Àrìnkẹ́ ló dúró lójúde mọ́sáláṣí. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìró rẹ̀ tutù, ó sì mú ààlè náà dání ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀pá, màrìwò, àkísà àti gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin ti jáde láti inú ilé gbogbo, wọ́n dúró lókèèrè sí i, Sìlífátù sì ń sunkún láàárín wọn.

"Àrìnkẹ́!" ni Bàbá Sùnmọ́nù wí. "Ìwọ lo pa á?"

"Èmi kọ́ ni mo pa á, Bàbá. Èmi ni mo fà á tu."

Àwọn ọkùnrin tó ti ń bọ́ sóde sún sẹ́yìn, wọ́n kọlu àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. "Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o!" ni Ìyá Bíntà kígbe. "Ẹ gbé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀!"

"Ìyàwó wa, kí ló dé?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn Àmúsà lọ sókè. "Ẹ̀fọ́ lásán nìyẹn! Ṣé torí ẹ̀fọ́ ni?"

"Adúmáradán," ni Àrìnkẹ́ dá a lóhùn, orúkọ tó ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ nìyẹn, "tiyín lè jẹ́ ẹ̀fọ́ lásán. Tèmi kì í ṣe lásán. Mo ti pọn omi sí ebè mẹ́ta kí ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo."

"Ó ti ń mú un!" ni ẹnìkan wí. Òmíràn ní kí wọ́n tètè ránṣẹ́ sí Ràbíà ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ ní Gbàgádà, kó lè bá a láyé. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ètè Àrìnkẹ́ ti funfun. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ràbíà, ẹ̀yin ni ọkọ mi. Àwọn èèyàn yìí ní mo ti kú. Ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n lọ palẹ̀ ẹrù mi mọ́, tàbí kí n lọ bomi rin ebè tó kù?"

Gbogbo ojú wá sára Àyúbà. Òun nìkan ló mọ̀ pé ṣúkù lásán ni, pé àkísà lásán ni. Bó bá dákẹ́, nǹkan kan kò ní ṣe Àrìnkẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á rí i pé ó wà láàyè, ọ̀rọ̀ á sì kú sílẹ̀. Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó wo ètè funfun náà, ó rí i pé Àrìnkẹ́ ti gbà lóòótọ́ pé òun ń kú lọ.

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀," ló wí.

"Kí lo wí?" ni Bàbá Sùnmọ́nù bi í.

"Mo ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Láti ìhà títì, wọ́n gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìkòròdú, wọ́n gbọ́ ọ títí ìró rẹ̀ fi lọ tán.

"Èmi ni mo dì í."

Sìlífátù la ẹnu, Àmúsà mi orí sí i, obìnrin náà sì pa ẹnu dé. Àrìnkẹ́ jẹ́ kí ọ̀pá náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bú u. Kò pòṣé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé agbè rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà odò lọ. Lẹ́yìn tó ti rìn díẹ̀, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ń wá nǹkan tí yóò fi pọn omi.

Bàbá Sùnmọ́nù ní kí wọ́n fa òun lọ sílé.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Àmúsà wí nígbà tó ku àwọn méjèèjì, "kòtò yẹn jìn, kò yẹ kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi máa bù, kí ẹ̀yin máa gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Àmúsà wà nínú kòtò, omi dé e ní àyà, ó ń nawọ́ agbè sókè, Àyúbà ń gbà á. Ẹnikẹ́ni kò bú Àyúbà, ẹnikẹ́ni kò sì kí i kú iṣẹ́. Àrìnkẹ́ fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí àwọn ebè rẹ̀ fún un, kò fẹnu tọ́ka. Ebè ewédú méjì ti lọ pátápátá. Àwọn yòókù mu omi náà títí, ilẹ̀ ń fà á bí ẹni pé kò ní tó o láéláé, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ewé kan gbórí, òmíràn gbórí.

Ó dé orí ilá. Ebè Àrìnkẹ́ àti ebè Sìlífátù kan ara wọn níbẹ̀, ipa ẹsẹ̀ kan ló wà láàárín. Wọ́n ní kó máa pín omi agbè kọ̀ọ̀kan sí méjì, ìdajì síhìn-ín, ìdajì sọ́hùn-ún. Àyúbà bẹ̀rẹ̀. Ó di ìka ilá kan mú lórí ebè ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó na ọwọ́ sí òdì kejì, ó wọn ti Sìlífátù. Ti Àrìnkẹ́ gùn jù ú lọ. Ó tún òmíràn wọ̀n kó lè dá a lójú. Ti Àrìnkẹ́ gùn jù ú lọ, ó fi bí oríkèé ìka kan gùn jù ú lọ. Nǹkan kan rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó wẹ̀yìn wò, ó rí i pé àwọn obìnrin ti kọjú síbòmíràn, ó sì da gbogbo omi inú agbè náà sí ìdí ilá ìyàwó rẹ̀, kò ku ẹ̀kán kan.

Nígbà tó padà sí etí kòtò, Àmúsà ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó ti rí i. Ó bu òmíràn kún, ó sì nà án sí i.